Ohun Tí Ojú Mi Rí Nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Lọ́yà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò bá wa sọ níbi àpéjọ ọdọọdún)

  

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ló ní kí n wá sọ ìrírí mi nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NBA. Wọ́n fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gbọ́n o, nítorí bí ẹ bá fi lọ́yà sílẹ̀, ilẹ̀ á ṣú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan nínú yín ń retí pé kí n sọ, tí àwọn mìíràn sì ń gbàdúrà pé kí n fò ó. N kò ní fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀nà débẹ̀, kí ẹni tí kò dé ilé ẹjọ́ rí lè bá mi rìn.

Ẹgbẹ́ yìí kò rí bíi tiwa. Tiwa yìí, bó bá wù yín ẹ wá, bí kò bá wù yín ẹ jókòó sílé. Akọ̀wé á kàn máa fi lẹ́tà dà yín láàmú ni. Ti àwọn lọ́yà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti pe ènìyàn sí iṣẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sí fọ́ọ̀mù tí yóò tún kọ. Owó kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ san lọ́dọọdún kí oṣù kẹta tó parí. Ẹni tí kò bá san án, adájọ́ lè sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kóòtù. Mo rí akápò wa tó ń rẹ́rìn-ín. Ó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀ fún tiwa náà.

Kí ló fà á tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, nígbà tí òfin 1876 dá kóòtù gíga sílẹ̀, lọ́yà kò tó nǹkan. Wọ́n wá ń fún àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí wọ́n sì mọ díẹ̀ nínú òfin, láyè láti máa bá ènìyàn rojọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà gan-an ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pè é ní 1879. Fún ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe lọ́yà gbọ́dọ̀ rékọjá òkun ni. Stella Thomas náà rékọjá, wọ́n pè é ní 1933, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Òfin 1962 ló jẹ́ kí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin wà ní ilé wa níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1963. Nígbà tí wọ́n fi pe tèmi ní 1985, a ti pọ̀ débi pé nínú fọ́tò gbogbogbòò wa, etí mi òsì nìkan ni ìyá mi rí.

Ní gbogbo ọdún yẹn, ohun kan náà ni ẹgbẹ́ ń ṣọ́: ta ni a lè gbà láyè pé kó gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó sì bá a sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́? Bí ó bá sì gba owó náà tán, ta ni yóò máa wò ó?

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú nínú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ta ni àgbà. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ẹni tí wọ́n bá ṣáájú bí ni àgbà. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tí wọ́n bá ṣáájú pè ni. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún bá di lọ́yà lónìí, tí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún sì di lọ́yà ní ọdún tó ń bọ̀, ọmọ yẹn ni àgbà. Bí adájọ́ bá jókòó, àwọn agbẹjọ́rò àgbà tí à ń pè ní SAN ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn. Àwa yòókù á wá tẹ̀ lé ara wa bí ọdún tí wọ́n pè wá bá ti rí.

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa ti mọ ibi tí mò ń lọ. Mo rí yín, sà, tí ẹ ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí bàbá tó kọ́ wa ní ìṣirò ní kíláàsì kẹta, àti pàṣán tí wọ́n pe orúkọ fún. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, wọn kò lọ da adìyẹ o. Wọ́n lọ kọ́ nípa òfin. Ní 1996 wọ́n pe àwọn náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ ilẹ̀ kan gbé wa pàdé ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Èmi wà fún olùpẹjọ́, bàbá wà fún olùjẹ́jọ́. Nígbà tó kan bàbá láti sọ̀rọ̀, wọ́n dìde, wọ́n tẹ orí ba fún adájọ́, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "àgbà mi nínú ìmọ̀ òfin."

Èmi! Èmi tí wọ́n ti ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè torí táìmù-tébù ìlọ́po mẹ́tàlá! N kò mọ ibi tí n ó fojú sí. Bí a ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bọ́ wíìgì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gáwùn dúdú di eléruku. Bàbá bá rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Dìde, jọ̀ọ́. Oníbàárà mi ń wò wá. Yóò rò pé mo ti ta ẹjọ́ òun." Ẹ wò ó, n kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀wọ̀ wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹnìkan tún wà tó sanwó, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó ń wo bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wa, tí ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn dè mí. Ní ti ẹni tó jàre ẹjọ́ náà, ẹ bi bàbá nígbà tí a bá ń jẹun.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ibi tó le.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ gbóná. Alao Aka-Bashorun ló jẹ́ ààrẹ láti 1987 di 1989, ìjọba ológun kò sì gbádùn rẹ̀ rárá. Priscilla Kuye jẹ ààrẹ ní 1991, obìnrin ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin ilé ìwé wa gbọ́ eléyìí: láti ìgbà tí ìyẹn ti kúrò níbẹ̀ ní 1992, títí Afam Osigwe fi gorí àga ní 2024, ẹgbẹ́ kò yan obìnrin mìíràn sípò ààrẹ. Ní 1992 yẹn ni a lọ ṣe ìpàdé ńlá ní Port Harcourt láti dìbò. Ìjà ìdìbò àti ẹjọ́ tú ìpàdé náà ká, a kò rí ààrẹ yàn. Àwa tí à ń bá ayé parí ìjà kò lè parí tiwa. Ní 1993, ìjọba ológun ṣe òfin, wọ́n gbé àkóso ẹgbẹ́ fún àwọn àgbààgbà iṣẹ́ wa tí wọ́n ń pè ní Body of Benchers. Di 1998 tí T.J.O. Okpoko di ààrẹ, ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa bá ológun sọ̀rọ̀ kò ní orí tirẹ̀.

Ẹ sì wo ìgbà tí ó bọ́ sí. Ìdìbò June 12, 1993 tí wọ́n fagi lé. Abacha tó gba ìjọba ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Òfin ológun tó ní ìjọba lè ti ènìyàn mọ́lé láìbi í ní nǹkan kan, tó sì tún ní ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ dá sí i. Ẹ̀yin tí kì í ṣe lọ́yà lè má mọ bí ìyẹn ti rí lára. Ẹ óò kọ ìwé, ẹ óò wọ gáwùn, ẹ óò rojọ́ títí itọ́ á gbẹ lẹ́nu yín, adájọ́ á wá wò yín tàánú-tàánú, á ní òfin ti di òun lọ́wọ́, òun kò lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀ka ìlú wa ló gbà wá là nígbà náà. Bí orílé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ sí, àwa ṣì ń pàdé lóṣooṣù, à ń dáwó, a sì mọ ara wa. Ní 1995, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan láti gba béèlì ọmọkùnrin kan tó ti sun ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní ta ni mo ń bi léèrè. Kí n tó dáhùn, mo ti wà lẹ́yìn káńtà, bàtà mi ti bọ́, bẹ́líìtì mi ti bọ́. Èmi náà di ará àtìmọ́lé. Ọmọkùnrin tí mo wá gbà sílẹ̀ ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bọkàn jẹ́.

Lọ́yà kan tó ń kọjá ló rí ọkọ̀ mi níwájú àgọ́ náà. Ó wọlé, ó béèrè, wọ́n purọ́ fún un, kò gbà. Ó sáré lọ bá alága ẹ̀ka wa. Kí ó tó di aago méjì ọ̀sán, lọ́yà bí ọgbọ̀n ti wà ní àgbàlá àgọ́ náà. Wọn kò wọ gáwùn, nítorí kóòtù nìkan ni à ń wọ gáwùn lọ. Kóòtù dúdú àti kọ́là funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n tò lórí ìlà, wọn kò pariwo, wọn kò kọrin. Wọ́n kàn dúró sínú oòrùn ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Ó tún yọjú. Nígbà tó di aago márùn-ún, wọ́n dá bàtà mi padà. Mo ní n kò ní jáde láìsí ọmọkùnrin yẹn, àwọn tó wà níta náà sì ní àwọn kò ní lọ. A jọ jáde ni.

Ẹni tó rí ọkọ̀ mi yẹn, ọmọ ilé ìwé wa ni. Ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn ní ọdún méjì tó kẹ́yìn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kó gbé e mì. Òun ni ọ̀rọ̀ tí mo ní n kò ní fò.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ bá ní kí a ṣe ló máa ń dùn mọ́ mi. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń ní kí a má lọ sí kóòtù, láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní 1984, ẹgbẹ́ ní kí lọ́yà kankan má yọjú níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ológun tó ń dájọ́ àwọn olóṣèlú. Gani Fawehinmi yarí, ó ní òun yóò lọ, ó sì lọ. Títí di òní, bí lọ́yà méjì bá mu ọtí tán, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ yẹn jà. Ní tèmi, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ká má lọ ni mo máa ń dúró sílé, ṣùgbọ́n mo máa ń dìde ní ìpàdé sọ ọ́ pé kí a yọ ẹjọ́ béèlì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó wà ní ẹ̀wọ̀n tí a kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀ kì í fi ẹ̀hónú hàn. Ọjọ́ rẹ̀ ló kàn ń lé sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbà fún mi. Mo ṣì ń sọ ọ́.

Ní 2003, ọ̀kan nínú wa kú ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́, kò ní alábàáṣiṣẹ́, kò sì tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Fáìlì mọ́kànlélógójì ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ ro bí ó ti rí: ènìyàn mọ́kànlélógójì ti sanwó fún ẹni tó ti lọ, opó kò sì mọ ìwé kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀ka wa kó àwọn fáìlì náà wá sí ìpàdé, a pín in bí ẹran iléyá. A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kankan. Mẹ́ta kàn mí, ọ̀kan nínú wọn kò sì parí títí di 2008. A dá owó fún opó náà, ilé ẹjọ́ sì jókòó lọ́jọ́ kan láti yẹ́ olóògbé náà sí. Kò sí ìwé ìròyìn kankan tó gbé e.

Ẹ ti rí ohun tí ẹgbẹ́ ṣe fún mi. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ mi.

Ní 2011, èmi ni alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀sùn wò ní ẹ̀ka wa. Lẹ́tà kan dé lórí ìwé ẹsàsáìsì. Ọmọ-ọmọ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló bá a kọ ọ́. Ìjọba ti fi ọ̀nà gba ilẹ̀ ìyá náà, wọ́n sì ti san owó gbà-máà-bínú, ₦2,400,000. Lọ́yà rẹ̀ ló bá a gbà á ní 2009. Láti ìgbà náà, "ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ni. Ìyá kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ó ní kí ọmọ náà kọ gbogbo ọjọ́ tí òun ti lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà náà sílẹ̀, àti iye owó ọkọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Nígbà tí mo dé orúkọ lọ́yà náà ní ìsàlẹ̀, mo bọ́ awò ojú mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn mẹ́rin fi wá bá mi ní ọ́fíìsì. Mẹ́ta nínú wọn wà nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n sì mọ̀ pé n kò bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n sọ kò burú létí. Wọ́n ní ènìyàn laṣọ. Wọ́n ní ilé ìwé kan náà ló bí wa. Wọ́n ní fáìlì máa ń sọnù ní Nàìjíríà yìí, pé bí eléyìí náà bá sọnù, kò ní jẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n wá rán mi létí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù.

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní fáìlì kò ní sọnù. Mo ní mo ti kọ̀wé pé n kò ní jókòó nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ, nítorí ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olùjẹ́jọ́ kì í ṣe adájọ́ rẹ̀. Ìyẹn bí wọn nínú jù, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an ni pé kí n jókòó síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣílẹ̀kùn, kò ní kí n jókòó. Ó ní, "Ìwọ? Èmi tí mo kó ọgbọ̀n lọ́yà wá gbà ọ́?"

Mo ní, "Ìyẹn ló mú mi wá. Bí kò bá ṣe ìyẹn ni, mi ò bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ. San owó ìyá yìí."

Ó ní kò sí owó lọ́wọ́ òun. Ó wá jókòó, ó sọ fún mi. Àìsàn ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó yá ₦200,000 nínú owó ìyá náà pẹ̀lú èrò pé òun yóò dá a padà ní ìparí oṣù. Oṣù parí. Lẹ́yìn náà ni owó ilé ìwé ọmọ, lẹ́yìn náà ni owó ilé. Bí owó ènìyàn ẹlẹ́ni ṣe ń tán nìyẹn. Kò fi ra ọkọ̀ tuntun, kò fi gbé ìyàwó kejì. Mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ di òní. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, owó oníbàárà kì í ṣe owó lọ́yà, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo sọ fún un.

Ó ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó san owó ìyá náà pé lẹ́ẹ̀mejì, mo bá a kó apá kejì lọ. Ìyá kà á, ó tún un kà, ó wá ní òun ti dárí jì í, òun fẹ́ gba lẹ́tà òun padà. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá ti gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kò tíì tán. Wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sókè, sí ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà wí. Ọdún méjì ni wọ́n fi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó lo ọdún méjì náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì ń ṣe é. A máa ń rí ara wa ní kóòtù. Ó máa ń kí mi bí òfin ti ní kó kí mi. Láti ìgbà náà, kò wá sí àpéjọ yìí mọ́, àwọn kan nínú yín sì ti sọ lẹ́yìn mi pé mo ta ọmọ ìyá mi nítorí àjèjì.

Mo ti gbọ́ ọ. Ìdáhùn mi ni pé ìyá yẹn wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wò wá, bí oníbàárà bàbá ṣe ń wò wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ring Road lọ́jọ́sí. Bí fáìlì yẹn bá tún dé sọ́wọ́ mi lọ́la, bí mo ti ṣe é náà ni n ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bá yín sọ, n ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àbúrò: ènìyàn mẹ́rin wá bá mi pé kí fáìlì sọnù, kò sí ìkankan nínú wọn tó mú kọ́bọ̀ dání. Bí ènìyàn ogún nínú wa bá ti dá ₦10,000 nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ₦200,000 àkọ́kọ́ yẹn nìyẹn. A kò mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ̀ka àwọn lọ́yà náà kò mọ̀. Òkú ni a mọ̀ ọ́n ṣe fún, a kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe fún alààyè tí ojú ń tì.

Mo ti rí alága tó ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí ẹ ó mú lọ sílé. Bí lọ́yà bá jẹ owó yín, ẹ má gbé e lù, ẹ má sì lọ bá bàbá aláwo. Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye, ẹ fi rìsíìtì tì í. Kò pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà mìíràn kí ẹ tó kọ ọ́. Wọn yóò ní kí ẹni náà fèsì, bí wọ́n bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ìyẹn lè kìlọ̀ fún un, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé pátápátá, wọ́n sì lè ní kó dá owó padà. Ó máa ń pẹ́, n kò ní tàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀, ẹ wo ìwé tí wọ́n bá kọ fún yín. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ ti ní kí lọ́yà máa lẹ èdìdì mọ́ ìwé tó bá fọwọ́ sí, orúkọ rẹ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lọ́dún yẹn kan náà pé ìwé tí kò ní èdìdì kò kú, pé a lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá lè rí èdìdì lẹ̀ mọ́ ọn rárá, ẹ béèrè ìdí. A ti mú ayédèrú lọ́yà ní ìlú wa tó ti ń kọ ìwé ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó sì mọ wíìgì wọ̀ ju èmi lọ.

Ní ìpàdé ọ̀sán yìí, ẹ óò rí àbá kan lórí ìwé ètò, nọ́mbà kẹfà. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní kí ẹgbẹ́ wa ya ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọdún sọ́tọ̀ sínú àpò kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá há lè yá nínú rẹ̀ láìsí èlé, kó má sì jẹ́ pé gbogbo àpéjọ ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni yóò mọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì jẹ́ olùkọ́ wa. Mo ti bá bàbá ìṣirò sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà. Àwọn ló máa ka owó náà, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ wọn jẹ. Mo fi àbá náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa pẹ̀lú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n kò dá a padà. Ojú ewé kan ni, akọ̀wé ti pín in sórí àga yín. Ẹ kà á kí oúnjẹ tó dé.